Bí Àjọ Ṣe Lè Tu Ènìyàn Lára, Kó Tọ́jú Ayé, Kí Owó Rẹ̀ Sì Kárí

Bí àjọ kan bá sọ fún mi pé ire ọmọ ènìyàn jẹ òun lógún, ìwé mẹ́ta ni mo máa ń fẹ́ rí: ìwé owó oṣù, ìwé àkókò iṣẹ́, àti ìwé tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n ń sanwó ọjà àti owó iṣẹ́ fún sí. Ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n kọ sára ògiri lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ògiri kò lè dáhùn ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí owó ń gbà jáde, tó sì mọ ẹni tí wọ́n ń lo àkókò rẹ̀, ti mọ ohun tí àjọ náà fẹ́ràn.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú àjọ, bó ti wù kó kéré mọ: olùdarí, akápò, akọ̀wé, ọ̀gá ẹ̀ka, aṣojú òṣìṣẹ́. Ìbáà jẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni, iléèwé, ilé ìwòsàn, ẹgbẹ́ aláàánú tàbí ẹ̀ka ìjọba, ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kò pọn dandan kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí n kò fẹ́ kí ẹ fò ni ìkejì, torí òun ni gbogbo ìyókù gbára lé.

1. Ẹ kó ìwé mẹ́ta náà sórí tábìlì

Ẹ yan ọjọ́ kan, ẹ pe akápò, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àti ẹni tó ń ra ọjà fún àjọ. Nínú ìwé owó oṣù, ẹ wo ẹni tó ń gbà jù lọ àti ẹni tó ń gbà kéré jù, kí ẹ wo ìlọ́po mélòó ni owó ọ̀kan fi ju ti èkejì lọ. Ẹ má gbàgbé àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé náà rárá: àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn awakọ̀ tó jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe kan ló gbà wọ́n síṣẹ́. Iṣẹ́ yín ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Nínú ìwé àkókò, wákàtí tí ènìyàn lò gan-an ni kí ẹ wò. Ẹ fi èyí tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ sílẹ̀ ná. Nínú ìwé ọjà, ẹ wo àwọn tí ẹ ń bá dòwò pọ̀: ta ni wọ́n, báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó, ibo ni wọ́n wà, ọjọ́ mélòó sì ni owó wọn fi ń pẹ́ lọ́wọ́ yín kó tó dé ọwọ́ wọn?

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sójú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ má ṣe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Òun ni ẹ ó fi máa wé ti ọdún tó ń bọ̀.

2. Ẹ gbọ́ tẹnu àwọn tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì fún wọn lágbára láti kọ̀

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé alájà púpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza wó lulẹ̀ ní Savar, nítòsí Dhaka ní Bangladesh. Ènìyàn 1,134 ló kú. Iléeṣẹ́ aránṣọ mélòó kan ló wà nínú ilé náà, àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ni wọ́n ń ránṣọ fún. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn mi ni pé ògiri ti sán láti ọjọ́ tó ṣáájú. Gbogbo ènìyàn ló rí i. Báńkì tó wà nínú ilé kan náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun dúró sílé. Àwọn aránṣọ ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n wọlé, wọ́n sì wọlé, torí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó oúnjẹ kò lè gbà kí wọ́n yọ ọjọ́ kan nínú rẹ̀.

Àwọn olùṣàyẹ̀wò ti dé àwọn kan nínú iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn ṣáájú àkókò náà. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n lọ. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ̀ pé ilé fẹ́ wó, àmọ́ wọn kò ní agbára láti sọ pé àwọn kò wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ gbígbọ́, àti pé gbígbọ́ tí kò bá ní agbára nínú kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ọ̀dọ̀ àwọn tí owó wọn kéré jù lọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tí agbaṣẹ́ṣe gbà síṣẹ́ sì wà lára wọn. Ẹ kó wọn jọ ní ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ọ̀gá tó ń darí wọn má sí níbẹ̀. Kí ìpàdé náà bọ́ sí àkókò iṣẹ́, kí owó rẹ̀ sì wọlé fún wọn bí owó iṣẹ́ yòókù. Ẹni tí wọn kò bẹ̀rù ni kó béèrè, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Ìbéèrè mẹ́ta tó:

– Kí ló ń rẹ̀ yín jù lọ nínú iṣẹ́ yìí?
– Kí ni ẹ mọ̀ pé ó léwu, tí ẹnikẹ́ni kò sọ jáde?
– Bí wọ́n bá gbé owó díẹ̀ lé yín lọ́wọ́ láti fi tún ohun kan ṣe níbí, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe?

Lẹ́yìn náà, kí ọjọ́ 14 má kọjá kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú èsì: èyí tí a máa ṣe nìyí, ọjọ́ tí a máa ṣe é nìyí, èyí tí a kò lè ṣe nìyí, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Mo dúró lórí ọjọ́ 14 yẹn nítorí ohun tí ojú mi rí. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pín ìwé ìbéèrè fún wa. Lákọ̀ọ́kọ́, a kọ ọ́ kún tinú-tẹ̀yìn. Àwọn kan tilẹ̀ lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn. A kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀kẹta, òfìfo ni ọ̀pọ̀ fi dá ìwé náà padà, wọ́n sì sọ fún olùdarí pé ara àwọn òṣìṣẹ́ balẹ̀, wọn kò ní ẹ̀sùn. Ó dùn mí títí dòní. Ẹni tí a bá bi léèrè ọ̀rọ̀ tí a kò sì dá lóhùn yóò kọ́ bí a ti ń dákẹ́.

Ní ti agbára láti kọ̀, Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ILO, ti fi í sínú Àdéhùn 155 rẹ̀ láti ọdún 1981: òṣìṣẹ́ tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ torí pé ó ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé ewu ńlá ti dé tán, wọn kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin àjọ yín ní gbólóhùn tí ọmọ kékeré lè lóye: ẹni tó bá dá iṣẹ́ dúró nítorí ewu kò ní pàdánù kọ́bọ̀, kò sì ní pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ wá kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, kí àwọn ọ̀gá kéékèèké sì wà níbẹ̀.

3. Ẹ dá àkókò padà fún ènìyàn

Lọ́dún 2021, ILO àti Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu pé kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 pọ̀ jù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé irú iṣẹ́ àṣejù yìí fa ikú ènìyàn 745,000 lọ́dún 2016 nìkan. Ẹ sì wò ó o: àdéhùn àkọ́kọ́ pàá tí ILO ṣe lọ́dún 1919, lórí wákàtí iṣẹ́ ni, pé kí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ẹ̀rọ má ṣe kọjá wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀.

Ẹ mú ìwé àkókò jáde, kí ẹ wá gbogbo ẹni tó ń kọjá wákàtí 48 lọ́sẹ̀, lórúkọ-lórúkọ. Ẹ wádìí ohun tó fà á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ohun tí mo ti rí, ọ̀kan nínú mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan lọ, wọn kò gba ẹlòmíràn dípò rẹ̀, iṣẹ́ ènìyàn méjì wá wà lọ́rùn ẹnì kan. Ó lè jẹ́ pé owó oṣù kéré débi pé owó àṣekún iṣẹ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀gá ibẹ̀ kò mọ ètò ṣe, tí gbogbo nǹkan fi di kánjúkánjú. Ẹ má fi egbòogi kan wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ ń fẹ́ kí ẹ gba ènìyàn. Ìkejì ń fẹ́ owó: bí ẹ bá kàn dín wákàtí rẹ̀ kù, oúnjẹ ni ẹ mú kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ìkẹta ń fẹ́ kí ẹ kọ́ ọ̀gá náà níṣẹ́, bí kò bá sì gba ẹ̀kọ́, kí ẹ fún un ní iṣẹ́ tí kò ti ní máa darí ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ fóònù náà wà níbẹ̀. Ní Faransé, láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin ti sọ pé kí àwọn iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn tó 50 jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ láti pa ẹ̀rọ iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìdúró de òfin. Kí ó wà lákọsílẹ̀ pé ẹni tí wọn kò sanwó fún láti wà ní ìmúrasílẹ̀, kò pọn dandan fún un láti dáhùn kó tó di àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Ní ti ìlera ọpọlọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ń gba ọjọ́ iṣẹ́ tó tó bílíọ̀nù 12 lọ́wọ́ ayé lọ́dọọdún. Bí ọ̀pọ̀ àjọ bá gbọ́ èyí, wọ́n á pe ẹnì kan láti wá kọ́ òṣìṣẹ́ bí a ti ń mí sínú mí sóde. Kò burú, ó ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ òun, tí ọ̀gá ń bú ènìyàn níta gbangba, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ a ń pa làpálàpá nìyẹn. Ìlànà ISO 45003, tí ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ kalẹ̀, gbé jáde lọ́dún 2021, ka irú nǹkan wọ̀nyí mọ́ ewu ibi iṣẹ́, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń yọ̀ tàbí tí wáyà bá ń ta iná. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé ewu yín bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò mú ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò síwájú rẹ̀.

4. Owó tó tó gbọ́ bùkátà, tó sì ń dé lọ́jọ́ rẹ̀

Ẹ ṣírò ohun tí ìdílé kan nílò níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń gbé: ilé, oúnjẹ, ọkọ̀, iléèwé ọmọ, ìtọ́jú àìsàn, àti díẹ̀ tí wọn yóò fi pamọ́ de ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn bá yín ṣírò rẹ̀. Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni. Kí ẹ wá gbé owó tó kéré jù lọ lọ́dọ̀ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá tó, tí ẹ kò sì lè dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ ọjọ́ àti iye tí ẹ ó fi máa gùn ún sílẹ̀, kí ẹ fi han àwọn tó kàn. Fún àwọn tí agbaṣẹ́ṣe gbà, ẹ fi iye tí wọn kò gbọ́dọ̀ dín kù sí sínú àdéhùn iṣẹ́ náà, kí ẹ sì máa béèrè ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn.

Àlàfo tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ní ìlú Mondragón, ní agbègbè Basque ní Spain, àlùfáà kan tó ń jẹ́ José María Arizmendiarrieta dá iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1943. Lọ́dún 1956, márùn-ún nínú àwọn tó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ alájùmọ̀ní kan. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti gbèrú di àkójọpọ̀ ẹgbẹ́ alájùmọ̀ní tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá òṣìṣẹ́ lónìí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni iléeṣẹ́ wọn, àwọn náà ló ń dìbò lórí iye tí owó ọ̀gá lè fi ju ti ẹni ìsàlẹ̀ lọ. Ìlọ́po mẹ́fà ni ó sábà máa ń mọ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí èkejì. Nígbà tí Fagor Electrodomésticos, tó wà lára àwọn tó lórúkọ jù nínú wọn, wọ gbèsè tí kò lè san lọ́dún 2013, àwọn ẹgbẹ́ yòókù wá àyè iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó pàdánù iṣẹ́. N kò sọ pé kò ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà ní àwọn ẹ̀ka wọn ní ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, wọn kò sì ní ìbò, èyí sì ń dùn mí nínú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ lágbára: àlàfo owó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè jókòó, kó pinnu, kó sì dìbò lé lórí.

Ẹ pinnu tiyín. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Kí ẹ tún kọ ọ́ mọ́ ọn pé bí owó àjọ bá fà sẹ́yìn, láti òkè ni dídín owó kù yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí nǹkan ń lọ dáadáa ni ó rọrùn láti fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ jẹ́ kí owó ọjà yín gba ọ̀dọ̀ àwọn kékeré kọjá

Owó tí ọ̀pọ̀ àjọ fi ń rajà máa ń pọ̀ ju owó tí wọ́n fi ń ṣàánú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, síbẹ̀ owó àánú ni wọ́n máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Preston, ìlú kan ní àríwá England, ní ètò kan láti kọ́ ibi ìtajà ńlá, ètò náà sì fọ́ lọ́dún 2011. Dípò kí wọ́n máa wọ̀nà fún olówó mìíràn, ìgbìmọ̀ ìlú pe àwọn àjọ ńlá tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jọ: ìgbìmọ̀ agbègbè Lancashire, ọlọ́pàá, kọ́lẹ́ẹ̀jì, àjọ ilé gbígbé. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi wọ́n: ibo ni owó yín ń lọ? Wọ́n rí i pé ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà wọn ló ń dúró nínú ìlú lọ́dún 2012 sí 2013, ìyẹn mílíọ̀nù 38 owó pọ́n-ùn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016 sí 2017, ó ti di ìdá 18, nǹkan bíi mílíọ̀nù 112. Wọn kò rí owó tuntun láti ibì kankan. Àwọn àjọ wọ̀nyí kàn yí ọ̀nà tí owó wọn ń gbà padà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ la iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, kí iléeṣẹ́ kékeré lè gbé ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ tún yẹ ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe wò. Ẹ ó rí i pé àwọn kan wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀, irú bí ìwé owó ọdún márùn-ún fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ sọ fún ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ gbà ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kó lè múra sílẹ̀ de ẹ̀ẹ̀kejì.

Kí ẹ sì sanwó kíákíá. Ọjọ́ 30 ni òfin Àjọṣepọ̀ Yúróòpù fi fún àwọn àjọ ìjọba láti san gbèsè ọjà, n kò sì rí ìdí tí àjọ aládàáni tó lówó lọ́wọ́ kò fi ní lè ṣe é. Owó tí ẹ dá dúró lọ́wọ́ ẹni kékeré, ẹ ń yá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìgba àṣẹ ni, òun ló sì ń san èlé rẹ̀ ní báńkì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí lọ́la, èyí ni mo máa mú fún yín. Kò ná yín ní nǹkan kan ju kí akápò yí ètò ìsanwó rẹ̀ padà lọ.

Bí àwọn kékeré bá kéré jù láti dá bá yín dòwò, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn. Ní Ahmedabad ní Íńdíà, Ela Bhatt dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní SEWA sílẹ̀ lọ́dún 1972 fún àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Lọ́dún 1974, obìnrin 4,000 nínú wọn dá rúpì 10-10 jọ, wọ́n sì dá báńkì tiwọn sílẹ̀, torí pé àwọn báńkì tó wà nílẹ̀ kò ka òwò wọn sí òwò. Ẹni tí kò ní nǹkan tí a lè fi ṣe ìdúró lónìí lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó ní in, bí àwọn àjọ bíi tiyín bá gbà láti bá ẹgbẹ́ náà kọ àdéhùn.

6. Ẹ wọn ohun tí ẹ ń jó àti ohun tí ẹ ń dànù

Lọ́dún 1987, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí Gro Harlem Brundtland darí fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún wa ní ìtumọ̀ tí a ṣì ń lò: kí a gbọ́ bùkátà òní láìjẹ́ pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí ohun tí wọ́n máa fi gbọ́ tiwọn. Láti fi í sílò, ẹ kó ìwé owó oṣù 12 jọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń jó: epo ọkọ̀, epo jẹnẹrétọ̀, gáàsì. Lẹ́yìn rẹ̀, iná mànàmáná tí ẹ rà. Ìkẹta ni ohun tí àwọn ẹlòmíràn jó nítorí yín: ọjà tí ẹ rà, ìrìn àjò tí ẹ rìn, pàǹtí tí wọ́n kó kúrò lọ́dọ̀ yín, ohun tí àwọn oníbàárà ń fi ọjà yín ṣe. Fún ọ̀pọ̀ àjọ, ìkẹta yìí ló pọ̀ jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ torí ó ṣòro láti kà.

Bí ẹ bá ti kà á, ẹ tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tí ẹ kò nílò, ẹ má rà á. Èyí tó bàjẹ́, ẹ tún un ṣe. Èyí tó ṣì wúlò fún ẹlòmíràn, ẹ gbé e fún un. Àtúnlò pàǹtí ló kàn. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni kí ẹ tó ronú àti san owó fún ẹlòmíràn láti gbin igi nítorí èéfín yín, ẹ má sì fi ṣe àwáwí láti máa jó epo lọ.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni kí wọ́n béèrè ẹni tí ẹrù ìyípadà yóò bọ́ sí lọ́rùn. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ tó ń tú èéfín, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ ń lọ síbo? Bí ẹ bá gbé gbogbo ìwé lọ sórí fóònù, ẹni tí kò ní fóònù ńkọ́? Àdéhùn Paris ti ọdún 2015 lórí ìyípadà ojú ọjọ́ pàápàá mẹ́nu bà á nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, pé ìyípadà náà gbọ́dọ̀ tọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ẹ fi owó ìkọ́ṣẹ́ tuntun àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sínú ètò náà kí ẹ tó kéde rẹ̀.

7. Ẹ yẹ ẹnu ọ̀nà yín wò

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn bílíọ̀nù 1.3 ló ń gbé pẹ̀lú ìpèníjà ara tó lágbára, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà. Ẹ san owó fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ àti ẹni tí kò ríran láti rin ilé iṣẹ́ yín já, kí wọ́n sì lo ìkànnì yín bí ẹni tó ń wá iṣẹ́. Wọ́n á sọ ohun tí ayàwòrán ilé kò rí. Nínú ìpolówó iṣẹ́, ẹ yọ ìwé ẹ̀rí tí iṣẹ́ náà kò nílò kúrò.

Ẹ tún ka Àdéhùn 190 ti ILO, ti ọdún 2019, lórí ìwà ipá àti ìfìtínà níbi iṣẹ́. Ó dáàbò bo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn àti àwọn tó ń wá iṣẹ́ pẹ̀lú. Kí ẹni tí wọn yóò máa gbé ẹ̀sùn wá fún má ṣe jẹ́ ẹni tí ọ̀gá àgbà lè lé lọ lọ́jọ́ tó bá wù ú.

8. Ẹ fún wọn ní àga tó ní ìbò

Ní Rochdale ní England, lọ́dún 1844, ènìyàn 28 dá ilé ìtajà alájùmọ̀ní sílẹ̀. Òfin wọn ni pé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, ìbáà fi owó púpọ̀ sílẹ̀ tàbí díẹ̀. Ní Jámánì, òfin ọdún 1976 sọ pé iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá lé ní 2,000 gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìdajì ìgbìmọ̀ alábòójútó rẹ̀ jẹ́ aṣojú òṣìṣẹ́. Ọrọ̀ ajé Jámánì kò torí ẹ̀ wó.

Fún àjọ kékeré, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àga méjì nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Mo ní méjì torí ẹnì kan ṣoṣo láàárín àwọn ọ̀gá yóò kàn máa mi orí ni. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni kó yàn wọ́n. Kí ìwé ìpàdé dé ọwọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹnì kan kọ́ wọn bí a ti ń ka ìwé owó, kí àkókò tí wọ́n fi múra sílẹ̀ jẹ́ àkókò iṣẹ́, kí wọ́n sì lè gbé ọ̀rọ̀ tiwọn wá sórí tábìlì. Ẹni tí ẹ kò kọ́ ní ìwé owó, ẹ ti gba ìbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jókòó.

9. Ẹ kà á lọ́dọọdún, kí ẹ sì kéde èyí tó kùnà

Wales ṣe òfin lọ́dún 2015 pé kí àwọn àjọ ìjọba máa ro ti àwọn ìran tó ń bọ̀ nínú ìpinnu wọn, wọ́n sì yan kọmíṣọ́nà kan tí yóò máa sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ìran náà. Ẹ̀yin kò nílò kọmíṣọ́nà. Nọ́ńbà díẹ̀ tó: ìlọ́po tí owó òkè fi ju ti ìsàlẹ̀, iye àwọn tí owó wọn kò tíì tó gbọ́ bùkátà, iye àwọn tó ń kọjá wákàtí 48, iye ẹni tó fara pa àti iye ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, iye ọjọ́ tí owó agbaṣẹ́ṣe fi ń pẹ́, ìdá owó ọjà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn kékeré, epo, iná àti pàǹtí. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa kà á.

Kí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ìròyìn náà kó tó jáde, kí wọ́n sì ní àyè láti kọ ohun tí wọn kò fara mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi èyí tó kùnà síwájú èyí tó yọrí. Mo mọ̀ pé ó ń ba àwọn ọ̀gá lẹ́rù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti mọ ohun tó kùnà tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹ̀yin náà rí i.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó fún ìwé mẹ́ta náà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn. Kí ìpàdé tòní tó tú ká, ẹ mú kàlẹ́ńdà, ẹ ka ọjọ́ 14 lẹ́yìn ìpàdé ìgbọ́rọ̀ tó máa gbẹ̀yìn níbẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí èsì máa jáde sí i, kí ẹ sì rán ẹnì kan lọ sọ ọjọ́ náà fún àwọn tó ń gbálẹ̀ kí wọ́n tó ṣíwọ́ lónìí.